Fífi Ilé Jà, Fífi Ilẹ̀ Jà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Darí D&D

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn páálí DM (Dungeon Master, ẹni tó ń darí ìtàn tó sì ń dájọ́ nínú Dungeons and Dragons, ayò ìtàn tí wọ́n ń fi dáìsì ta), tí òǹtayò kan wá na ìka sí àwòrán yàrá tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè da ìkòkò yẹn lé e lórí?", tí ìwé òfin ò sì mọ nǹkan kan nípa ìkòkò. Nọ́ńbà tí mo lò jẹ́ ti D&D ẹ̀dà karùn-ún tó jáde lọ́dún 2014, torí òun là ń ta nílé wa. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024 yí àwọn nǹkan kan padà, màá sọ ọ́ níbi tó bá ti kàn wá.

Kí lẹ ń pè ní fífi àyíká jà?

Ohun tó ti wà níbẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe ohun ìjà yín, tí kì í sì í ṣe ọfọ̀ yín, tẹ́ ẹ wá sọ di wàhálà fún ọ̀tá. Ẹ gé okùn fìtílà ńlá tó rọ̀ lókè orí wọn. Ẹ ti ogre (òmìrán abàmì) sínú ààrò alágbẹ̀dẹ. Ẹ yí àgbá ọtí sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀. Ẹ fọ́ yìnyín tí wọ́n dúró lé.

Bí ẹ bá kàn gbé àga tẹ́ ẹ fi là á mọ́ goblin (ẹ̀dá abàmì kékeré) lórí, ìyẹn ò sí lára ẹ̀. Àga ti di ohun ìjà nìyẹn, ìwé sì ti dá a lóhùn: 1d4, ìyẹn dáìsì kan olójú mẹ́rin, iye tó bá yọ ni ìpalára. Ibi tí ìwé ti dákẹ́ lọ̀rọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìwé dákẹ́ lóòótọ́?

Kò dákẹ́ tán. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé D&D jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, inú eré ogun ni wọ́n ti ń bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì, tí adájọ́ kan á wà níbẹ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí òfin ò ronú kàn. Iṣẹ́ adájọ́ yẹn ni DM jogún. Látìgbà náà ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ti ń pinnu iye tí òun máa kọ sílẹ̀ àti iye tí òun máa fi sílẹ̀ fún orí DM.

Ẹ̀dà kẹrin, ti 2008, ló gbìyànjú jù láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé 42 nínú ìwé DM ẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé àwọn DM tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ṣì ń pe "page 42" láìdárúkọ ìwé. Àtẹ kan ló wà níbẹ̀ tó so ìpele òǹtayò (bí akọni ẹ̀ ṣe lágbára tó) mọ́ bí nǹkan ṣe máa le tó àti bó ṣe máa dunni tó. Àpẹẹrẹ tí wọ́n lò ni ti rogue kan (akọni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ jà) tó fẹ́ rọ̀ mọ́ fìtílà ńlá, kó fì, kó sì fẹsẹ̀ ta ogre láyà wọnú agbada ẹyín iná tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin tó ti darí ayò yìí rí ló ti gbọ́ irú ìbéèrè yẹn rí, tó sì ti lá itọ́ gbẹ kó tó dáhùn.

Mo máa ń to oríṣiríṣi nǹkan sínú yàrá, àmọ́ idà lásán làwọn òǹtayò mi ń fì. Kí ló dé?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ lé wọn sá. Èmi náà ṣe é rí. Àbúrò kan ń ta jagunjagun ìpele 3 nílé wa. Wọ́n wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ọtí sí, goblin mẹ́ta sì dìrọ̀ mọ́ra sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù ńlá kan (pẹpẹ ìkẹ́rùsí). Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bì í lulẹ̀ lé wọn lórí." Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ní kó ju dáìsì fún Athletics (ìdánwò agbára ara) bóyá ó máa lè mi ṣẹ́ẹ̀fù náà. Ó yege. Mo ní kó ju attack (ìdánwò bóyá ó bà wọ́n). Ó tún yege. Mo wá ní kí goblin kọ̀ọ̀kan ju saving throw (dáìsì tí wọ́n fi ń sá fún ewu), méjì nínú wọn fò sá. Ẹ̀kẹta ló wó lù. Mo sọ pé 1d6, mo jù ú, 2 ló yọ. HP (ìwọ̀n ẹ̀mí) méje ni goblin ní.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tó jókòó tì í wá rọra bi í pé, "Ṣebí o ní idà lọ́wọ́?"

Ó lé lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú yàrá tí mo bá yà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí mo ṣe sí i. Idà ńlá ẹ̀ ń ṣe 2d6 + 3 (dáìsì méjì olójú mẹ́fà, ká fi 3 kún un), ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 10. Pẹ̀lú +5 tó ń fi kún dáìsì olójú ogún, sí AC 15 goblin (iye tó gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á), ìgbà 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni idà máa bà á. Bí a bá pín in dọ́gba, idà ń mú 5.5 wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ́ẹ̀fù ńkọ́? Mo ní kó yege lẹ́ẹ̀kíní (55 nínú ọgọ́rùn-ún), kó yege lẹ́ẹ̀kejì (55 náà), kí goblin wá kùnà (ká pè é ní ìdajì). Tẹ́ ẹ bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ fúnra wọn, ó kù bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpíndọ́gba 1d6 jẹ́ 3.5, nítorí náà ìdajì HP kan péré ni goblin kọ̀ọ̀kan ń retí, kò tó méjì lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọgbọ́n ju agbára lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, àmọ́ òfin tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ń sọ pé agbára ju ọgbọ́n lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òǹtayò lè má mọ ìṣirò o, àmọ́ ara wọn máa ń mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ lónìí ni, màá sọ pé: Athletics, DC 12 (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kó tó yege), dáìsì kan ṣoṣo. Tó bá wó, ó wó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba 1d10. Ìgbà 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa yege, ìpíndọ́gba ìpalára á sì lé ní 11 lórí gbogbo wọn. Ó sàn ju idà lọ, ó sì yẹ kó sàn jù ú, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣẹ́ẹ̀fù ń wó, idà ń padà bọ̀ ní gbogbo yípo.

Dáìsì mélòó wá ni kí n ní kí wọ́n jù?

Ọ̀kan. Tó bá di méjì, kí èkejì jẹ́ èyí tó ń sọ bó ṣe pọ̀ tó, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ń sọ bóyá ó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti yege lẹ́ẹ̀kan ti san owó ọjà, ẹ má ní kó tún san án lẹ́nu ọ̀nà.

Ta ló yẹ kó jù ú, òǹtayò ni àbí ọ̀tá?

Ẹ wo ibi tí iyèméjì wà. Bí nǹkan náà bá wúwo, tí ìbéèrè ẹ̀ sì jẹ́ "ṣé ó lè mì í?", òǹtayò ló ń jù ú. Bó bá jẹ́ ohun tí ọmọdé lè ṣe, bíi kéèyàn fa ọ̀pá kan kí ilẹ̀kùn àjà ṣí, ẹ má wulẹ̀ dán òǹtayò wò. Ó ti ṣe é. Ọ̀tá ni kó sá, Dexterity (ìyára ara) saving throw. Bó bá jẹ́ pé ó ní láti fojú sun nǹkan kan kó tó bà á, attack ni, sí AC nǹkan yẹn. Ìwé DM ti 2014 ti dárúkọ wọn: okùn àti aṣọ 11, gíláàsì àti yìnyín 13, igi 15, òkúta 17, irin 19.

DC ńkọ́? Mẹ́wàá rọrùn, 15 wà láàárín, 20 le. Bí orí mi ò bá ṣiṣẹ́ mọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, 13 ni mo máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó tíì bá mi jà sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan hàn wá látòkè délẹ̀.

Ó dáa. Ilé ọtí kan ni, goblin mẹ́rin ń mutí lábẹ́ fìtílà ńlá onírin tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ ògiri. Rogue wa fẹ́ ju ọ̀bẹ gé okùn náà. AC okùn 11. HP okùn 2, ìwé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Rogue ní +5, nítorí náà kó sáà ju 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí d20, ọ̀bẹ ẹ̀ sì ń ṣe 1d4 + 3. Tó bá ti bà á, okùn já.

Fìtílà já bọ́. Ó gba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lórí mẹ́wàá. Gbogbo goblin tó wà níbẹ̀ ju Dexterity saving throw, DC 13. Ẹni tó bá kùnà gba 2d10, fìtílà sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá yege gba ìdajì, ó sì wà ní òró. Ẹ máa ní dáìsì méjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èkejì ò lè sọ ọ̀bẹ yẹn di òfo, ó kàn ń pín ìyà ni. Ìpíndọ́gba 2d10 jẹ́ 11, goblin tó kùnà ti lọ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó yege máa fara gbọgbẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ DM ń gbàgbé ni ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn náà. Irin tó fọ́ ti sọ ibẹ̀ di ibi tí ẹsẹ̀ ò ti ní yá. Iná sì ti kú. Goblin ní darkvision (ojú tó ń ríran nínú òkùnkùn) ẹsẹ̀ bàtà 60, èèyàn lásán ò ní in. Lọ́jọ́ tí a ta eléyìí, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ nígbà tí fìtílà já, àtẹ́wọ́ náà ò sì tíì tán tí jagunjagun tó jẹ́ èèyàn fi béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ń rí?" Mo ní, "Òkùnkùn." NEPA ti mú iná lọ nílé wa náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo dáìsì, nítorí náà kò ṣòro fún un láti fojú inú wò ó.

Ìpalára mélòó ni kí n sọ? Mo máa ń bẹ̀rù kí n má sọ ọ́ jù.

Àtẹ kan wà nínú ìwé DM ti 2014 tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí. Dáìsì olójú mẹ́wàá ló fi wọn ohun gbogbo. Ẹyín iná tó jó èèyàn, tàbí pẹpẹ ìwé tó wó luni: 1d10. Ẹni tó ta gìẹ́gìẹ́ wọnú kòtò iná, tàbí tí mànàmáná bà: 2d10. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tó wó léni lórí, tàbí kéèyàn ṣubú sínú àgbá ásíìdì: 4d10. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́ odò lava kọjá: 10d10. Ẹni tí lava bò mọ́lẹ̀: 18d10. Ó parí sí 24d10, ìyẹn sì jẹ́ ti ẹni tí ẹran abàmì tó tóbi bí òṣùpá fi ẹnu hán.

Àtẹ kejì wà níbẹ̀ tó ń wo ìpele. Fún ìpele 1 sí 4, 1d10 ń fa èèyàn sẹ́yìn, 2d10 léwu, 4d10 lè pani. Fún ìpele 5 sí 10, ó di 2d10, 4d10, 10d10. Fún 11 sí 16, 4d10, 10d10, 18d10.

Nígbà míì àtẹ méjèèjì máa ń takora: ẹyín iná inú ààrò ń ṣe 1d10 lójú àtẹ kìíní, àtẹ kejì sì ń rọ̀ yín kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 4d10 torí pé òǹtayò ti dé ìpele 12. Èmi ò gbà. Iná ò mọ ìpele ẹnikẹ́ni. Bí ẹyín iná kò bá ba akọni yín lẹ́rù mọ́, ẹ gbé e kúrò nínú ààrò alágbẹ̀dẹ, ẹ gbé e lọ sẹ́nu òkè tó ń yọ iná. Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ ló yẹ kó dàgbà.

Ohun kejì ni pé ara òǹtayò ni wọ́n ṣe àtẹ yẹn fún, wọn ò ṣe é fún ọ̀tá. 4d10 lè pa jagunjagun ìpele 2. Ogre ní HP 59. 22 tó jẹ́ ìpíndọ́gba 4d10 kò tó ìdajì ẹ̀. Nítorí náà, bí nǹkan náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan péré, tí òǹtayò sì ti lo gbogbo action ẹ̀ (ohun tó lè ṣe ní yípo náà) lórí rẹ̀, mo máa ń gbé e sókè ní ipò kan lórí àtẹ láìronú. Mi ò tíì kábàámọ̀ ẹ̀ rí.

Òǹtayò kan fẹ́ ti ọ̀tá sínú ọ̀gbun. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Kò tíì kú. Ìwé ti sọ ti ìṣubú: 1d6 fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, kò sì lè ju 20d6 lọ bó ti wù kí ọ̀gbun náà jìn tó. Ogre tó já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 60 gba 6d6, bíi 21. Ó ṣì ní 38 lára, inú sì ń bí i. Àmọ́ ẹ wo ibi tó wà! Ó ní láti dìde kó tó gun òkè, gígun òkè sì ń gba ìlọ́po méjì ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá lo gbogbo agbára ẹ̀ láti sáré, yípo méjì ló máa ná an kó tó fi orí hàn létí ọ̀gbun. Yípo méjì láìsí ogre ju 21 lọ lójú mi.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn: lọ́dún 2014, Athletics òǹtayò ń bá Athletics tàbí Acrobatics ọ̀tá figa gbága. Lọ́dún 2024, ọ̀tá ló ń ju saving throw. Ìkíní tàbí ìkejì, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ló ń sún, nítorí náà ọ̀tá gbọ́dọ̀ ti dúró létí ibẹ̀. Àwọn DM kan máa ń fún gbogbo ọ̀tá láǹfààní láti rá etí òkúta mú. Ọ̀tá tí mo bá ti fún lórúkọ nìkan ni mo máa ń fún. Goblin tí kò lórúkọ, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó fẹ́ fò láti orí òrùlé lé drágónì lórí ńkọ́?

Ìwé àfikún kan tó jáde lọ́dún 2020 ti dá yín lóhùn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ju Dexterity saving throw DC 15. Tó bá kùnà, àwọn méjèèjì pín ìpalára ìṣubú náà lọ́gbọọgba. Drágónì tóbi jù láti dùbúlẹ̀ torí èèyàn kan. Ẹ jẹ́ kó fò.

Epo àti iná?

Ti ìgò epo kékeré ti wà nínú ìwé: ẹ lè jù ú lu ọ̀tá, tí iná bá kàn án láàárín ìṣẹ́jú kan, ó gba 5 lé e. Tẹ́ ẹ bá dà á sílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣáná sí i, ó ń jó fún yípo méjì, ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ẹ̀ gba 5. Owó fàdákà kan péré ni ìgò ẹ̀, nítorí náà àwọn òǹtayò máa ra ogún. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n kó o sí nígbà tí drágónì bá tu iná sí wọn lára.

Ìkòkò epo gbígbóná lórí ààrò ni ìwé ò sọ. Mo máa ń pè é ní 2d10 fún ìpele kékeré, saving throw fún ìdajì. Àmọ́ ẹni tó bá ti dín àkàrà rí mọ̀ pé epo kì í bá ẹnì kan ṣoṣo jà. Bí òǹtayò bá ju DC náà tó sì kùnà, mi kì í sọ pé "kò ṣẹlẹ̀." Ìkòkò dà, ọwọ́ òun náà ló sì dà sí: 1d10. Ewu yìí gan-an ló ń jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ tú ìpalára rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá yege. Ohun tí kò lè ṣe yín ní nǹkan kan kò yẹ kó lè pa ọ̀tá.

Omi?

Àwọn òǹtayò rò pé omi ń yára pa èèyàn. Nínú òfin yìí, èèyàn lè di èémí mú fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú iye Constitution modifier ẹ̀ (àfikún ìfaradà ara), yípo mẹ́wàá sì ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ìjà á ti parí kó tó rì. Ẹ má lo omi bí idà. Ẹ lò ó láti gbé ọ̀tá kúrò níbi tó wà.

Ó ń bu iyanrìn sí ọ̀tá lójú ní gbogbo yípo!

Ẹ fún ẹni tó máa kọlu ọ̀tá náà tẹ̀ lé e ní advantage (kó ju dáìsì méjì, kó mú èyí tó pọ̀ jù), bíi Help (ríran ẹlòmíì lọ́wọ́) tó ti wà nínú ìwé, kò sì sí ìpalára níbẹ̀. Ó ti ná action ẹ̀, nítorí náà kò rẹ́ yín jẹ. Ìgbà kejì tó bá tún ṣe é sí ọ̀tá kan náà, ọ̀tá ti ń fọwọ́ bojú.

Wizard mi fẹ́ fi ọfọ̀ ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé ọfọ̀ náà ti ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lára tẹ́lẹ̀, tó sì kàn ń fi kan nǹkan àyíká, bẹ́ẹ̀ ni. Ọfọ̀ Shatter ń fọ́ ohun tí kò lẹ́mìí, nítorí náà ó yẹ kó lè fọ́ òpó tó gbé àjà dúró, kí ihò náà sì wó. 4d10 wà nínú àtẹ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ọfọ̀ tó ń ṣẹ̀dá omi kún ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tá, ẹ kí i kú ọgbọ́n, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé rárá.

Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò fún ìpele 5 ni Fireball: 8d6, ìpíndọ́gba 28, rédíọ́ọ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 20. Ọfọ̀ ìpele kẹta ni (ìpele ọfọ̀ yàtọ̀ sí ti akọni), ó sì ń tán. Bí àyíká bá ń ṣe ju ìyẹn lọ láìsí ewu kankan, wizard yín máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù.

Ṣé kí ọ̀tá náà máa ṣe é?

Kí ni wọn ò bá ṣe é fún? Ilé wọn ni. Goblin tó ti gbé nínú ihò kan fún ọdún mẹ́wàá mọ òkúta tó ń mì. Ìwé ọdún 2014 tiẹ̀ fún àwọn ọ̀tá ńlá ní lair action: ní initiative 20 (nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó máa ṣe ṣáájú), ilé fúnra ẹ̀ ń jà fún wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi dandan lé ni pé kí òǹtayò ti rí i kó tó bà á. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí wọ́n wọlé pé eruku ń já bọ́ látorí àjà. Bí wọ́n bá wá dúró sábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ wọn ló wà. Èyí tí ẹ kò sọ tẹ́lẹ̀ máa dà bí ẹ̀tàn lójú wọn, kódà bó bá wà nínú ìwé yín látijọ́.

Àwọn ayò míì ńkọ́?

Fate kì í da ara ẹ̀ láàmú lórí ìpalára. Ẹ kọ "Ilẹ̀ Ń Yọ̀" sórí pépà, ẹni tó dá a sílẹ̀ lè fi +2 kún dáìsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Dungeon Crawl Classics fún jagunjagun ní dáìsì àfikún. Bó bá yọ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí idà ẹ̀ sì bà, iṣẹ́ ọwọ́ tó sọ pé òun fẹ́ ṣe ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ìpalára ẹ̀. Mo ti jí ti Dungeon Crawl Classics yẹn wọ D&D fún oṣù díẹ̀. Ó dùn fún jagunjagun, ó sì bí rogue nínú, mo bá dá a padà.

Mo sọ DC 12 lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ 16 lónìí, wọ́n sì rántí.

Wọ́n máa rántí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí ẹ bá ti dájọ́, ẹ kọ ọ́: fìtílà, DC 13, 2d10. Tèmi ti fẹ́ẹ̀ kún, àbàwọ́n epo puff-puff sì wà lójú ewé tó wúlò jù.

Mo ti fún wọn ní agbára jù. Wọ́n fi àyíká pa ọ̀gá àwọn ọ̀tá ní yípo kìíní. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kó kú. Mo ní ọ̀gá ọ̀tá kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní ìtàn, ó ní ohùn tirẹ̀ tí mo ti fi dánra wò nínú bálùwẹ̀. Mo gbé e dúró sáàárín afárá lórí ọ̀gbun ẹsẹ̀ bàtà 200 kó lè sọ̀rọ̀ tó gùn. Kò tíì sọ gbólóhùn kejì tí wizard wa fi ká ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni wọ́n fi ṣe afárá yìí?"

Mo wo ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi. "Okùn," ni mo wí.

AC 11, HP 2. Okùn méjì ló gbé e dúró. Wọ́n dáná sun ọ̀kan, wọ́n fi idà gé èkejì. Ó lórúkọ, nítorí náà mo fún un ní saving throw láti rá okùn mú. Ó ju 4. 20d6 ni ìwé wí, a ò sì ní dáìsì olójú mẹ́fà tó ogún nílé, ẹnì kan bá lọ tú lúdò àwọn ọmọ kékeré wá kó lè pé. A dà á sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yí wọ abẹ́ àga, gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀ wá a. 74 ni. HP 66 ló ní.

Lẹ́tà tí gbogbo ìyókù ìtàn náà dúró lé lórí wà nínú àpò ẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wo ọ̀gbun, jagunjagun wá béèrè iye okùn tó kù lọ́wọ́ wọn. Inú ọ̀gbun yẹn ni wọ́n ṣì wà dòní.